Èèwọ̀ Tó Gba Ẹyẹ Pupa Là



Nígbà tí à ń múra ìtẹ̀fá àbúrò mi, èmi ni wọ́n rán lọ ra ìkóóde. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà nídìí èyí tí ìyá ọlọ́jà nà sí mi. Wọ́n fà á tu lára odídẹ ni. Mo rà á o, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ti ẹyẹ kan fún yín.

Ní erékùṣù Rimatara, láàárín òkun Pàsífíìkì, ẹbí odídẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní ‘ura. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 19 lọ. Àyà rẹ̀ pọ́n bí osùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ahọ́n rẹ̀ dà bíi búrọ́ọ̀ṣì. Òun ló fi ń lá omi dídùn inú òdòdó àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Láyé àtijọ́, ohun ọba àti ohun òrìṣà ni ìyẹ́ pupa lápá ibẹ̀, bí ìkóóde ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dọdẹ ẹyẹ náà títí ó fi tán ní àwọn erékùṣù Cook. Nínú ilẹ̀ àbáláyé rẹ̀, Rimatara nìkan ló ṣẹ́ kù sí. Ní nǹkan bí ọdún 1900, Tamaeva ọbabìnrin wọn fi í ṣe èèwọ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á. Tapu ni wọ́n ń pe èèwọ̀ lọ́hùn-ún. Faransé gba ilẹ̀, ọbabìnrin wàjà, síbẹ̀ èèwọ̀ dúró. Eku dúdú tó máa ń jẹ ẹyin ẹyẹ ò sì dé ibẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n kó 27 nínú ẹyẹ náà lọ sí Atiu, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Cook, wọ́n sì ń bí sí i níbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Odídẹ ń tán nínú igbó. Lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò láti fòfin de kíkó odídẹ inú igbó tà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Òfin dára, ṣùgbọ́n àwa tí à ń lo ìkóóde la lè fi èèwọ̀ tì í lẹ́yìn.

Odídẹ tó ti pẹ́ nílé máa ń pààrọ̀ ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣa ìkó tó bá já bọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nílé tiwa, bàbá ti sọ ọ́ di èèwọ̀: a ò ní ra ìkó ẹlẹ́jẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á mọ́, kí àwọn ọmọ wa náà lè rí ìkóóde fi tẹfá.

Àṣẹ.