Orúnkún Tí Kò Lè Kúnlẹ̀ Ló Bí I

Orí ilẹ̀ ni àwọn ará Jàpáànù ayé ìgbà kan ti ń ṣe gbogbo nǹkan wọn. Orí ẹní ni wọ́n ti ń jẹun, orí ẹní ni wọ́n ti ń gbàlejò, ìkúnlẹ̀ sì ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá gan níbẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn ún; kò lè bá ẹgbẹ́ jókòó mọ́. Ikọ́ ife sì wà lára ohun tó ń mú orúnkún gan, nítorí kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń bà jẹ́, ó ń wọ oríkèé ara pẹ̀lú. Kí dókítà tó rí àmì rẹ̀ lóde, inú ti bàjẹ́.

Ohun tó ń da Dókítà Kenji Takagi láàmú ní Tokyo nìyẹn ní ọdún 1918. Ó mú irinṣẹ́ gbọọrọ tí wọ́n fi ń wo inú àpò ìtọ̀, ó tì í bọ inú orúnkún òkú, ó sì fojú sí i. Ó ríran. Ẹ má rò pé òun nìkan ló ro irú rẹ̀ o: Severin Nordentoft, ará Denmark, ti sọ̀rọ̀ nípa irinṣẹ́ tó jọ ọ́ ní 1912, Eugen Bircher ní Switzerland náà sì tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n Takagi ni kò fi í sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1931, ó ti ní èyí tí kò nípọn ju mìlímítà 3.5 lọ, omi iyọ̀ ló sì ń rọ sínú oríkèé kí àyè lè gba ojú.

Masaki Watanabe, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bọ́ǹbù ti sọ púpọ̀ nínú Tokyo di eérú, ó ń ya irinṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí tí wọ́n pè ní Nọ́ńbà 21 ló wá yege ní ìparí àwọn ọdún 1950. Gílóòbù kékeré kan ló wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀; ó lè fọ́ sínú orúnkún aláìsàn. Ká ní èmi ni aláìsàn náà, n kò rò pé ǹ bá gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láàárín egungun itan àti ti ojúgun, tìmùtìmù méjì ló wà nínú orúnkún kọ̀ọ̀kan, tí àwọn dókítà ń pè ní meniscus. Àwọn ló ń gba ìwúwo ara dúró. Bí agbábọ́ọ̀lù bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó wá yí ara bìrí, wọ́n lè ya. Nígbà náà, ṣe ni dókítà á la orúnkún, á yọ gbogbo rẹ̀ dànù, torí wọ́n gbà pé kò wúlò fún nǹkan kan. Ní 1948, T. J. Fairbank kọ ọ́ ní Ìlú Ọba pé àwòrán X-ray fi hàn pé orúnkún tí wọ́n yọ meniscus rẹ̀ kì í wà bó ṣe wà. Wọn ò tìtorí ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún ọdún 1962, ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n dùbúlẹ̀ níwájú Watanabe. Ihò kékeré ni dókítà náà lu. Ibi tó ya nìkan ló gé kúrò, ó fi ìyókù sílẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí.

Eré ìdárayá ló gbé iṣẹ́ abẹ yìí kúrò ní Jàpáànù. Ní 1964, Robert Jackson, dókítà ará Kánádà, lọ sí Tokyo fún ẹ̀kọ́ mìíràn. Ó tún bá ikọ̀ Kánádà ṣiṣẹ́ ní Òlíńpíìkì tó wáyé níbẹ̀ lọ́dún náà. Ó gbọ́ nípa Watanabe, ó wá a lọ. Jackson ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Watanabe ń kọ́ òun ní orúnkún. Pàṣípààrọ̀ yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Nígbà tí Jackson padà sí Toronto, àwọn oníṣẹ́ abẹ kò kà á sí: kí lèèyàn ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́ fún nígbà tó lè ṣílẹ̀kùn? Nígbà tí kámẹ́rà fídíò dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Dókítà kò fojú há ẹnu ọ̀pá mọ́. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti ń wo inú orúnkún, gbogbo ẹni tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ sì ń bá a wò ó.

Bí ẹ bá bi mí, Joan Benoit ló jẹ́ kí aráyé gbà. Orúnkún asáré Amẹ́ríkà yìí há ní oṣù Kẹta ọdún 1984. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ni wọ́n fi irinṣẹ́ yìí ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn rẹ̀, ó gbégbá orókè nínú máráthọ́nì tí wọ́n fi yan àwọn tó máa lọ Òlíńpíìkì. Ní oṣù Kẹjọ, ó gba góòlù ní Los Angeles, nínú máráthọ́nì àwọn obìnrin àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Òlíńpíìkì.

Ohun tó yá, tó rọrùn, tó tún ń mówó wọlé, ta ni kò ní fẹ́ ṣe é? Láti orí eléré ìdárayá, ó dé orí àwọn ìyá àti bàbá tí orúnkún wọn kàn ti gbó. Ní 2002, Bruce Moseley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston pín aláìsàn 180 sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fomi fọ orúnkún àwọn kan, wọ́n ha inú ti àwọn kan. Ti àwọn yòókù, awọ ara nìkan ni wọ́n gé tí wọ́n sì rán padà, aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Fún ọdún méjì tí wọ́n fi tọpa wọn, ìrora àwọn tí wọ́n tọ́jú kò dín ju ti àwọn tí wọ́n tàn lọ. Nǹkan bíi irú ẹ̀ ni wọ́n rí ní Finland ní 2013, lára àwọn tí meniscus wọn ya nítorí ọjọ́ orí. Ní Norway, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ wé eré ìdárayá ọ̀sẹ̀ 12 lábẹ́ àbójútó físíò. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọgbọọgba ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, iṣan itan àwọn tó ṣe eré ìdárayá ti lágbára ju ti àwọn tí wọ́n gé lọ. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí orúnkún rẹ̀ gbó ni kí wọ́n má ṣe é fún mọ́.

Ti ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù yàtọ̀. Bí meniscus tó ya bá há a lórúnkún tí ẹsẹ̀ kò ṣeé nà mọ́, irú irinṣẹ́ tí Watanabe fi lélẹ̀ ṣì ni wọ́n ń wá. Àmọ́ dókítà kì í sáré gé e mọ́. Bó bá ṣeé rán, wọ́n á rán an, ẹni náà á sì fi oṣù mélòó kan wà lọ́dọ̀ físíò kí wọ́n tó jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.