Ṣé O Mọ̀? Ilé-Ìwé Àgùdà, Kí Fadá Tó Dé àti Lẹ́yìn Tó Dé

Ṣé o mọ̀ pé ìjọ Kátólíìkì ti wà l'Ékòó kí fadá kankan tó wá gbé ibẹ̀? Àwọn tó dá a sílẹ̀ kì í ṣe òyìnbó rárá. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì gba ojú òkun padà wálé. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Kì í ṣe àlùfáà, kò sì lè ṣe Máàsì. Síbẹ̀ ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó àwọn ènìyàn jọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, ó ń kọ́ wọn ní àdúrà, ó sì ń bá wọn sin òkú wọn. Ọdún 1863 ni Fadá Francesco Borghero, ará Ítálì, wá láti Ouidah ní ilẹ̀ Dàhòmì láti bẹ̀ wọ́n wò. Ọdún 1868 ni Fadá Pierre Bouche dé tó sì jókòó tì wọ́n. Agbo ti wà nílẹ̀, olùṣọ́ àgùntàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ibi tí orúkọ Àgùdà ti wá nìyẹn. Àwọn tó ti Bràsíìlì àti Kúbà dé là ń pè ní Àgùdà. Nígbà tó yá, ẹ̀sìn wọn gba orúkọ wọn. Lónìí, bàbá arúgbó ní Èkìtì tí kò rí Bràsíìlì rí lójú àlá ń sọ pé ìjọ Àgùdà lòun ń lọ. Àdúgbò wọn l'Ékòó, Pópó Àgùdà, ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà wọn ló sì kọ́ ilé ìjọsìn ńlá àkọ́kọ́ ti Holy Cross. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, òkè tí fadá kọ́lé sí di Òkè Pádì, láti ara "padre" tí àwọn Àgùdà ń pè é.

Ṣé o mọ̀ pé èdè Potogí ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé Àgùdà l'Ékòó? Èdè tí àwọn òbí mú bọ̀ láti òkè òkun nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun ni wọ́n fi ń ná ọjà láàárín ara wọn. Àwọn fadá tó wá kọ́ni, ará Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú sì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì! Ìjọba ò fẹ́ náwó sórí ilé-ìwé tí kì í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, nítorí náà ni ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá olùkọ́ láti Áyálándì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti Bouche fún Bouche: ó kọ́ èdè wa, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1880. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Noël Baudin, kó ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Faransé jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ẹgbẹ́ tó rán wọn wá, SMA, ọjọ́ kẹjọ oṣù December 1856 ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá a sílẹ̀ ní Lyon. Ó dé Freetown ní Sàró lọ́jọ́ 14 oṣù May 1859. Ibà pọ́njú wà nílùú. Lọ́jọ́ 25 oṣù June ó kú. Ọjọ́ 42 péré ló lò nílẹ̀ Áfíríkà. Augustin Planque tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó parẹ́, òun náà ló sì dá ẹgbẹ́ àwọn Sístà OLA sílẹ̀ lọ́dún 1876, àwọn tó kọ́ ọmọbìnrin púpọ̀ nílẹ̀ wa ní ìwé, ìránṣọ àti ìtọ́jú aláìsàn. Lọ́dún kan náà yẹn ni àwọn fadá bẹ̀rẹ̀ oko àti ilé-ìwé ní Topo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti gbin àgbọn lọ súà.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ṣé o mọ̀ pé ní 1947, fadá SMA kan, Kevin Carroll, bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀, tó sì wá àwọn agbẹ́gilére Yorùbá wá síbẹ̀? Kò ní kí wọ́n wá wo àwòrán òyìnbó kí wọ́n sì fara wé e. Ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ní kí wọ́n fi gbẹ́ ìtàn Bíbélì. Bandele, ọmọ Àrẹ̀ògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, wà níbẹ̀, ó sì gbẹ́ àwọn Amòye láti Ìlà-oòrùn bí ọba Yorùbá tó dé adé. Lamidi Fakeye kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bandele. Mùsùlùmí ni Fakeye, síbẹ̀ òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Yunifásítì Ìbàdàn. Bí o bá gba ibẹ̀ kọjá, dúró, fi ọwọ́ kan igi náà, kí o wo bí ọ̀bẹ ṣe rìn lára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilé-ìwé Àgùdà ti gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ rí? Lọ́dún 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun yóò fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Òbí ọmọ ni yóò wá pinnu ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti kàwé, àbí ìjọba? Ohun tí Archbishop Anthony Okogie àtàwọn mìíràn gbé dé iwájú adájọ́ nìyẹn. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ohun tí yóò máa fi tan èrò àti ìmọ̀ kálẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe ìwé ìròyìn àti rédíò nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá wí: ilé-ìwé náà wà níbẹ̀. Àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yẹn. Àwọn ilé-ìwé tí ìjọba sì ti gbà lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ọdún 2001 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dá ọ̀pọ̀ padà. St. Gregory's College ní Obalende, tó ti wà láti 1928, wà lára wọn.

Ó ku agogo ọ̀sán ní ilé-ìwé Àgùdà. Bó bá ti di aago méjìlá, agogo á dún, tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, àwọn ọmọ á dìde. Àdúrà Áńgẹ́lì nìyẹn, ìrántí ọjọ́ tí áńgẹ́lì mú ìròyìn wá bá Màríà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni lójúmọ́: aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀sán gangan, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n láti Àjíǹde títí di Pẹ́ńtíkọ́sì, àdúrà yẹn máa ń yí padà, wọ́n á máa kí Màríà bí Ayaba Ọ̀run, lórí ìdúró, nítorí àsìkò ayọ̀ kì í ṣe àsìkò ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì àsìkò Lẹ́ńtì, wọ́n á tẹ̀ lé Ọ̀nà Àgbélébùú ní ibùdó 14. Ní October, rósárì. Bó bá sì kan gbígba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, aṣọ funfun á ti wà lọ́wọ́ télọ̀, ọmọ á máa ka kátíkísìmù bọ̀ lọ́nà ilé, ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Mo mọ àwọn Mùsùlùmí tó gba irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá. Orí ti funfun, ìdáhùn náà ṣì pé lẹ́nu wọn.