Ohun tí Àbàwọ́n Ẹ̀jẹ̀ Lè Jẹ́rìí Sí

Ẹni tí ó bá ti dúró ti alápatà rí, ìbáà ṣe ní Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́ tàbí ní ibòmíràn, yóò ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ kì í ta bákan náà nígbà gbogbo. Èyí tí ó kán láti ẹnu ọ̀bẹ tí a dì mú jẹ́ẹ́ a máa rí róbótó nílẹ̀. Èyí tí ó fò kúrò lára àáké tí a fì sókè a máa tò tẹ̀lé ara rẹ̀ lára ògiri. Ìyàtọ̀ yìí, tí alápatà kò kà sí nǹkan, ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ di ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń ran adájọ́ lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlànà rẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí ó bá bọ́ tààrà láti òkè yóò fi àpá róbótó sílẹ̀. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, àpá náà yóò gùn bí ẹyin, ìrù rẹ̀ yóò sì tọ́ka sí apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Bí a bá fi gígùn àpá pín ìbú rẹ̀, ìṣirò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ń pè ní sáìnì yóò fi igun tí ó bá wá hàn: àpá tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 5, tí ó sì gùn ní 10, igun dígírì 30 ni ó bá wá. Bí irú àpá bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, a lè na okùn láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn, kí a sì wo àgbègbè tí wọ́n ti pàdé, láti mọ̀ bóyá ẹni tí a lù wà ní ìnàró tàbí ó ti ṣubú. Ṣùgbọ́n okùn a máa lọ gbọọrọ, ilẹ̀ sì ń fa ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà okùn a máa gbé orísun rẹ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Eduard Piotrowski tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1895, ehoro ni ó sì fi ṣe ìdánwò. Ní Amẹ́ríkà, Paul Kirk yẹ yàrá tí wọ́n ti pa ìyàwó dókítà Sam Sheppard wò ní 1955. Ó jẹ́rìí nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní 1966, wọ́n sì dá dókítà náà sílẹ̀.

Ẹjọ́ kan ní Indiana ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Wọ́n pa ìyàwó ọlọ́pàá àtijọ́ kan àti ọmọ rẹ̀ méjì ní 2000. Ẹ̀kán tíntìntín mẹ́jọ wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn amòye kan ní ìbọn ni ó fọ́n wọn síbẹ̀; àwọn mìíràn ní irun ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó kan ẹ̀wù náà nígbà tí ó fẹ́ gbé ọmọkùnrin rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a lẹ́bi kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 2013. Ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn ń wò! Kò yani lẹ́nu pé ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà kan sọ ní 2009 pé àìdánilójú inú ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ gidigidi.

Nílé wa ńkọ́? Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 68, gba amòye láàyè láti sọ èrò rẹ̀ níwájú ilé-ẹjọ́. Àyẹ̀wò DNA lè sọ ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò irú rẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2017 jóná ní 2020. Ní Ọ̀bà-Ilé ilé alámọ̀ àti ilé onítáìsì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: táìsì a máa fi etí àpá hàn kedere, ògiri alámọ̀ a máa fa ẹ̀jẹ̀ mu, etí rẹ̀ a sì rí ṣákaṣàka. Amòye tí kò bá dán irú ògiri náà wò kò yẹ kí ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú.

Èyí tí ó tilẹ̀ wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ará ilé, nítorí ọ̀wọ̀ fún òkú, a ti bu omi fọ ilẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ni ó dára jù, kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí a ó fi ya àwòrán àpá kọ̀ọ̀kan láti iwájú gan-an, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.