Ohun Funfun Tó Ń Hù Lórí Bátìrì Ọkọ̀

Rédíò ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀, iná inú ọkọ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, "kà-kà-kà" nìkan ni yóò gbọ́. Ẹ́ńjìnnì kò ní yí. Ẹni tó bá wà nítòsí á ní bátìrì ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Kí owó tó jáde lápò, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ná, kí ẹ wo orí bátìrì níbi tí wọ́n ti de wáyà méjèèjì mọ́ ọn. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí èyí tó dà bíi búlúù bá ti bò ó, ó ṣeé ṣe kí bátìrì náà yè, kó jẹ́ pé ọ̀nà tí agbára rẹ̀ ń gbà jáde ló dí.

Báwo ni ìyẹ̀fun lásán ṣe lè dá ọkọ̀ dúró, tí kò sì dí rédíò lọ́wọ́? Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti dáhùn nínú òfin tó gbé jáde lọ́dún 1827: ẹ fi ìdíwọ́ tó wà lójú ọ̀nà sọ iye iná tó ń kọjá di púpọ̀, ẹ ó mọ iye fóòtì tó sọnù. Ká ní ìdíwọ́ tó wà lórí bátìrì kò ju óòmù 0.01 lọ. Rédíò tó ń lo áàmpù 2 kò ní pàdánù ju fóòtì 0.02 lọ, kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ṣùgbọ́n sítátà, tó ń yí ẹ́ńjìnnì, lè fa áàmpù 200. Fóòtì 2 odindi ló máa ṣòfò lórí ìyẹ̀fun yẹn, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí bátìrì tó kún ní kò ju bíi fóòtì 12.6 lọ. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Inú bátìrì fúnra rẹ̀ ni ìyẹ̀fun náà ti wá. Irú bátìrì yìí ti pẹ́. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe àkọ́kọ́ lọ́dún 1859. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú èyí tí à ń lò sínú ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi fóòtì 2.1 wá. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn àwo òjé dúró sínú omi tí wọ́n pò mọ́ ásíìdì. Bí bátìrì bá ń fúnni ní iná, ásíìdì á máa wọ inú òjé, omi á máa ṣẹ́kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, áltánétọ̀ á dá iná padà sínú bátìrì, ásíìdì á sì tún jáde kúrò lára òjé bọ́ sínú omi.

Ìgbà tí bátìrì bá ti kún, tí iná kò sì dẹ́kun wíwọlé, ni ọ̀ràn dé. Iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í la omi sọ́tọ̀, á di háídírójìn àti ọ́síjìn. Bí àwọn atẹ́gùn yìí ṣe ń hó jáde ni wọ́n ń gbé ẹ̀kán ásíìdì tí ojú kò lè rí dání, wọ́n á gba ojú ihò ìdérí àti ìdí orí bátìrì tó bá ti là. Bí ásíìdì bá bà lé òjé orí bátìrì, ìyẹ̀fun funfun ló ń dà. Bí ó bá bà lé bàbà tó wà nínú wáyà, á di búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Àwọ̀ yẹn ń sọ fún yín pé wáyà fúnra rẹ̀ ni ásíìdì ti ń jẹ.

Nítorí náà, pípa ásíìdì ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kì í ṣe gbígbá ìyẹ̀fun dànù nìkan. Omi gbígbóná tí àwọn kan ń dà sí i á fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣan ásíìdì sára irin ọkọ̀. Coca-Cola ní ásíìdì tirẹ̀ nínú, ó sì ń fi ṣúgà sílẹ̀. Ohun tó ń pa ásíìdì bátìrì ni baking soda tí wọ́n ń tà nísọ̀ èlò kéèkì. Ẹ má ṣe gbé baking powder. Káún tí à ń fi se ewédú ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, tí ẹ sì sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, kí ẹ sì bọ́ òrùka. Wáyà négátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ara ọkọ̀ ni wọ́n de wáyà yẹn mọ́. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà tí ẹ fi ń tú pósítíìfù sì kan irin ọkọ̀, iná ńlá á gba inú sípánà kọjá, á ṣẹ́ná. Háídírójìn kò sì nílò ju ìdá 4 nínú 100 atẹ́gùn lọ kó tó lè gbiná.

Ẹ rí i pé àwọn ìdérí bátìrì dé pinpin, kí sódà má wọnú rẹ̀. Ẹ po sódà ṣíbí ìjẹun kan mọ́ ife omi kan, kí ẹ dà á sórí ìyẹ̀fun náà díẹ̀díẹ̀. Yóò hó, ẹ máa dà á títí tí kò fi ní hó mọ́, torí ìgbà yẹn ni ásíìdì tán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ, nítorí májèlé òjé wà nínú eruku rẹ̀. Ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà ha orí bátìrì àti inú ohun tó dì í mú títí wọn yóò fi máa dán.

Pósítíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ dè padà, kí négátíìfù kẹ́yìn. Ẹ fún un kó má ṣeé fi ọwọ́ yí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òkúta tàbí sípánà lù ú wọlé. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ ló ń la ìdí orí bátìrì. Ẹ wá fi girísì tàbí Vaseline bò ó. Bí ásíìdì bá ta sí ojú, ẹ fi omi ṣan án fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.

Bí ìyẹ̀fun náà bá tún yọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀. Bóyá wọ́n ń fi ásíìdì kún bátìrì, nígbà tó jẹ́ pé omi bátìrì nìkan ló ń gbẹ, tó sì yẹ kí wọ́n dá padà. Bóyá áltánétọ̀ ni. Ẹ ní kí rewáyà fi mítà wọn orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: fóòtì 13.8 sí 14.5 ló dáa. Bí ó bá ju 15 lọ, ẹ tún áltánétọ̀ ṣe ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bátìrì tuntun tí ẹ bá rà, ohun kan náà ni yóò ṣe é.