Ìtújáde wàrà ọyàn

Ìtújáde wàrà ọyàn ni ọ̀nà tí ara abiyamọ ń gbà ti wàrà inú ọyàn jáde nígbà tí ọmọ bá ń mu ún. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àpẹẹrẹ tó fi hàn kedere bí iṣan ìmọ̀lára àti họ́mọ̀nù ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Kì í ṣe agbára ẹnu ọmọ nìkan ni ó ń fa wàrà yìí; ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọpọlọ ìyá, kí èsì sì padà wá sí ọyàn.

Ọ̀nà méjì tí ara ń gbà ránṣẹ́

Iṣan ìmọ̀lára ń gbé ìròyìn láàrin ọpọlọ àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Ó yára púpọ̀, ibi kan pàtó ni ó sì ń lọ. Họ́mọ̀nù ní tirẹ̀ jẹ́ èròjà tí àwọn ẹṣẹ́ ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Kò yára tó iṣan ìmọ̀lára, ṣùgbọ́n ó ń dé gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè gbà á nìkan ni ó sì ń dá a lóhùn. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni hypothalamus, apá kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Abẹ́ rẹ̀ ni pituitary so kọ́ sí, ẹṣẹ́ kan tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.

Bí ìtújáde náà ṣe ń ṣẹlẹ̀

Bí ọmọ bá ti ń mu ọmú, àwọn iṣan ìmọ̀lára orí ọmú a gbé ìròyìn gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí hypothalamus. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe họ́mọ̀nù tí à ń pè ní oxytocin, apá ẹ̀yìn pituitary ni wọ́n sì ń kó o pamọ́ sí. Nígbà tí ìròyìn bá dé, oxytocin a tú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e dé ọyàn. Yóò mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí àwọn àpò kéékèèké wàrà ká fún pọ̀, wàrà a sì ṣàn wá sí orí ọmú. Nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ ni oxytocin gbà, ọyàn méjèèjì ni ó ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí wàrà fi lè máa kán láti inú ọyàn kan nígbà tí ọmọ ń mu èkejì.

Họ́mọ̀nù mìíràn, prolactin, tó ń wá láti apá iwájú pituitary, ni ó ń mú kí ọyàn ṣe wàrà. Nítorí náà, ṣíṣe wàrà yàtọ̀ sí títú u jáde.

Ipa ìrònú àti ìbẹ̀rù

Nítorí pé ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ, igbe ọmọ tàbí ríronú nípa rẹ̀ nìkan lè mú kí wàrà máa ṣàn. Bákan náà, ìrora, ìbẹ̀rù àti àníyàn lè dí oxytocin lọ́wọ́. Adrenaline, họ́mọ̀nù ìgbà ewu, tún ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọyàn fún, tí oxytocin tó ń débẹ̀ yóò fi dín kù. Ọyàn lè kún, kí wàrà má sì jáde.

Bí a bá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kò ní wàrà, àníyàn rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Bí a bá sì ń fún ọmọ ní omi tàbí oúnjẹ mìíràn dípò ọyàn, mímu ọmú rẹ̀ yóò dín kù, prolactin yóò dín kù, wàrà yóò sì wá dín kù ní tòótọ́. Ìsinmi, ìtọ́jú ìrora, gbígbé ọmọ lé àyà láìsí aṣọ láàrin, àti fífún un lọ́mú léraléra a máa ran ìtújáde wàrà lọ́wọ́. Ọmọ tí kò bá tọ̀ dáadáa tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀ sí i gbọ́dọ̀ rí òṣìṣẹ́ ìlera.

Ilé-ọmọ àti ẹ̀jẹ̀ dídà

Oxytocin kan náà ń mú kí ilé-ọmọ fún pọ̀. Èyí ni ó ń fa inú rírun tí ọ̀pọ̀ abiyamọ ń ní nígbà tí wọ́n bá ń fún ọmọ lọ́mú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Fífúnpọ̀ yìí ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibi tí olóbi ti já, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà jù. Abẹ́rẹ́ oxytocin ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn láti dènà ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà jù, ó lè ba pituitary fúnra rẹ̀ jẹ́, kí ọyàn má sì lè ṣe wàrà rárá. Àìsàn yìí ni à ń pè ní àìsàn Sheehan, nítorí Harold Sheehan tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1937.

Ìtàn

Ní ọdún 1906, Henry Dale, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé èròjà tí a fà yọ láti inú pituitary ń mú kí ilé-ọmọ ológbò fún pọ̀. Vincent du Vigneaud, ará Amẹ́ríkà, ṣàwárí bí a ṣe to oxytocin pọ̀, ó sì ṣe é ní yàrá ìwádìí. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní ọdún 1955.