Bí Ọwọ́ Ṣe Tẹ Pablo Escobar, Ọba Àwọn Oníṣòwò Oògùn Olóró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti gbọ́ orúkọ Pablo Escobar ni ó ń béèrè pé, báwo ni ọkùnrin kan ṣoṣo ṣe dojú ìjà kọ odidi orílẹ̀-èdè fún bí ọdún mẹ́wàá kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́? Ìjọba ní ọmọ ogun, ó ní ọlọ́pàá, ó sì ní adájọ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju èyí lọ: Escobar ní owó tí ó fi ń di ènìyàn lẹ́nu, ó sì ní ìbọn fún ẹni tí kò bá gba owó náà.

Ọdún 1949 ni a bí i ní Rionegro, ìlú kan lẹ́bàá Medellín, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò kokéènì. Ìyẹ̀fun funfun ni kokéènì. Láti ara ewé kóka tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ní Peru, Bolivia àti Kòlóńbíà ni a ti ń ṣe é. Ó máa ń fún ẹni tí ó bá lò ó ní ayọ̀ ẹ̀tàn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a sì sọ ọ́ di ẹrú. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ni wọ́n fi ń kó o lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1987, ìwé ìròyìn Forbes ka Escobar mọ́ àwọn tí ó lówó jù lọ láyé.

Ó mọ bí a ti ń náwó kí ènìyàn lè fẹ́ràn ẹni. Ó kọ́ ilé fún àwọn òtòṣì tí ń gbé lórí ààtàn ní Medellín, ó sì ṣe pápá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún 1982 a dìbò yàn án gẹ́gẹ́ bí adelé fún ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kan. Ṣùgbọ́n fún àwọn adájọ́ àti ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó ní: fàdákà tàbí òjé. Fàdákà ni owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Òjé ni ọta ìbọn.

Síbẹ̀, a rí àwọn tí kò gba fàdákà náà. Ní ọdún 1983, Rodrigo Lara Bonilla, Mínísítà ètò ìdájọ́, tú àṣírí rẹ̀ ní gbangba. Ìwé ìròyìn El Espectador sì tún ìròyìn àtijọ́ tẹ̀ jáde, pé a ti mú Escobar rí nítorí kokéènì ní ọdún 1976. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, àwọn ọlọ́pàá ba ilé iṣẹ́ kokéènì ńlá kan jẹ́ nínú igbó, wọ́n sì rí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14 níbẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún náà, a yìnbọn pa Mínísítà náà. Ní ọdún 1986 a pa Guillermo Cano, olóòtú ìwé ìròyìn náà. Ní ọdún 1989 a pa Luis Carlos Galán, ẹni tí ń díje fún ipò Ààrẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989 kan náà, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ òfurufú kan. Gbogbo ènìyàn 107 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn mẹ́ta sì kú lórí ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa kò tilẹ̀ sí nínú ọkọ̀ náà.

Ohun kan ni Escobar bẹ̀rù: òfin tí ó gba ìjọba láyè láti fi ọ̀daràn ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà fún ìdájọ́, nítorí pé owó rẹ̀ kò lè ra ẹ̀wọ̀n ibẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1991, ọjọ́ kan náà tí àwọn aṣòfin dìbò láti fòpin sí òfin yìí, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wo ni èyí? Òun fúnra rẹ̀ ni ó yan ibi tí a kọ́ ọ sí, ó sì lọ́wọ́ nínú yíyan àwọn tí ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn ní oṣù keje ọdún 1992, ó sá lọ.

Láti ìgbà náà ni ìlépa gidi ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Hugo Martínez ni olórí ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tí ń wá a. A ti ṣa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà láti ìlú mìíràn, kí wọ́n má baà ní ìbátan ní Medellín tí a lè fi dẹ́rù bà wọ́n. A fi owó ńlá lọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà, ó kọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀tá Escobar, tí díẹ̀ nínú wọn jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sì ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ láìgba àṣẹ òfin. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́, ìpànìyàn ni.

Tẹlifóònù ni ó tú u fó níkẹyìn. Ohùn tí ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ ní ibi tí ó ti ń wá, irinṣẹ́ kan sì wà tí ń tọ́ka sí ìhà ibẹ̀. Bí a bá tọ́ka láti ibi méjì, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1993, Escobar bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́ jù. Àwọn ọlọ́pàá rí ilé náà, wọ́n sì yìnbọn pa á lórí òrùlé bí ó ti ń sá lọ. Ọjọ́ tí ó ṣáájú ni ó pé ẹni ọdún 44. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀, nítorí ilé tí ó kọ́ fún wọn. Àwọn tí bọ́ǹbù rẹ̀ sọ di opó àti ọmọ òrukàn kò sunkún. Òwò kokéènì náà kò sì bá a kú; àwọn mìíràn gbà á ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má ṣe rò pé ọlọ́pàá nìkan ni ó lè lé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jáde. Bí ẹnìkan bá ń pín owó láàárín yín, tí ẹ kò sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wádìí orísun owó náà kí ẹ tó na ọwọ́ gbà á. Ẹni tí ó gbà á lónìí ni yóò ṣòro fún láti sọ̀rọ̀ lọ́la.