Rónìn: àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan láti èdè Jàpáànì

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè tí a kọ fún àjèjì, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a máa ń bá lábẹ́ rónìn (浪人): “sàmúráì tí kò ní ọ̀gá”. Ìtumọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Àárín ìtàn ọ̀rọ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Ògbufọ̀ tó bá gbára lé e yóò rí i pé kò bá ìwé ọ̀rúndún kẹjọ mu, kò sì bá ìwé ìròyìn òde òní mu.

Àmì ìkọ̀wé méjì ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ yìí: 浪 ni ìgbì omi, 人 ni ènìyàn. Ní ìgbà Nara (710–794), ìjọba a máa kọ orúkọ àwọn ará ìlú sínú ìwé. Ìwé yìí ni wọ́n fi ń pín ilẹ̀ fún wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń gba owó-orí lọ́wọ́ wọn. Àgbẹ̀ tí ẹrù náà bá wúwo fún a fi ibi tí orúkọ rẹ̀ wà sílẹ̀, a sì sá lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní ẹni ìgbì. Kì í ṣe jagunjagun, kò sì sí olóyè tó fi sílẹ̀; ìwé ìjọba ló sá fún.

Ibi tí iṣẹ́ olóòtú ti le nìyí. Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun, wọ́n ń pe jagunjagun tó pàdánù olóyè rẹ̀ ní rónìn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n 牢人 ni wọ́n sábà máa ń kọ, àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ẹ̀wọ̀n àti ìnira. Ìró kan náà ni, ìkọsílẹ̀ ló yàtọ̀. Nígbà tó yá, ní ìgbà Edo (1603–1868), 浪人 gba ipò èkejì. Nítorí náà, àlàyé tó dùn létí náà, pé sàmúráì ń rìn kiri bí ìgbì ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀, ti fo afárá kan. Àkọsílẹ̀ tó péye gbọ́dọ̀ fi ìkọsílẹ̀ méjèèjì hàn, kí ó sì sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbòde.

“Tí kò ní ọ̀gá” pàápàá kò tó. Lẹ́yìn ogun Sekigahara ní 1600, Tokugawa Ieyasu gba ilẹ̀ ọ̀pọ̀ olóyè tó bá a jà. Àwọn sàmúráì wọn pàdánù ìrẹsì tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹun, wọ́n sì pàdánù ipò wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kó lọ sẹ́yìn Toyotomi Hideyori ní Osaka ní 1614 àti 1615, wọ́n sì bá a ṣubú. Ní 1651, àṣírí ọ̀tẹ̀ tí Yui Shosetsu ń dì pẹ̀lú àwọn rónìn tú. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba dẹ òfin tó ká olóyè lọ́wọ́ kò láti gba ọmọ tọ́ lórí ibùsùn ikú, kí ilé olóyè tí kò ní àrólé má baà máa tú ká, kí rónìn má sì máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni èyí kí ó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbọràn.

Àwọn mẹ́tàdínláàádọ́ta ti Ako, tí wọ́n gbẹ̀san Asano Naganori ní ìbẹ̀rẹ̀ 1703, ni gbogbo ayé mọ̀ sí rónìn. Ní Jàpáànì, “rōshi” (浪士) ni wọ́n sábà máa ń pè wọ́n. 士 rọ́pò “ènìyàn” lásán, ó sì gbé iyì jagunjagun wọ̀ wọ́n. Ó yẹ kí a tọ́ka sí èyí.

Lónìí, rónìn ni ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé gíga, tí kò rí Yunifásítì wọ̀, tó sì ń kàwé de ìdánwò ọdún tó ń bọ̀. Ọdún kan ni ichirō, ọdún méjì ni nirō. Ìgbì náà ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìwé atúmọ̀ èdè Kojien, tó kọ́kọ́ jáde ní 1955, a máa to ìtumọ̀ bí wọ́n ṣe yọjú nínú ìtàn. Daijirin ti 1988 a máa fi ti òde òní ṣáájú. Ní tiwa, ètò ti Kojien ni a fara mọ́ fún ọ̀rọ̀ yìí, bí a bá ti kọ ìgbà sí iwájú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní Yorùbá, ìsáǹsá bá ìtumọ̀ àkọ́kọ́ mu dáadáa. Kò bá èkejì mu, nítorí sàmúráì tí ilé olóyè rẹ̀ tú kò sá fún ẹnikẹ́ni. Aláìlólúwa yóò dà bí aláìgbàgbọ́ létí òǹkàwé, aláìlọ́gàá yóò sì dà bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ délẹ̀. Ẹ kọ “sàmúráì tí kò sí lábẹ́ olóyè kankan mọ́” ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa lo rónìn lẹ́yìn náà. Fún ìtumọ̀ kẹta, ẹ má fi sàmúráì kún un rárá: “Ọmọ wọn ń ṣe rónìn lọ́dún yìí” túmọ̀ sí pé ó wà nílé, ó ń múra sílẹ̀ láti tún ìdánwò ṣe.